Bí mo ṣe yan wọ́ṣà fún ọ̀bẹ àpadé ní Kétu

Ọ̀bẹ àpadé àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ló rà á. Kò pé oṣù méjì tó fi gbé e padà wá bá mi. "Ọmọ mi, ọ̀bẹ yìí ń jó lọ́wọ́ mi." Ó ṣí i, ó di ṣóńṣó rẹ̀ mú, ó mì í sọ́tùn-ún sósì, irin sì ń kan irin: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

Wọ́ṣà ló fa á, òrùka pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa níhìn-ín ń pè ní róńdẹ́ẹ̀lì. Méjì ló máa ń wà nínú ọ̀bẹ àpadé, ọ̀kan lápá ọ̀tún ojú ọ̀bẹ, ọ̀kan lápá òsì, tí ìṣó yóò sì gba àárín wọn kọjá. Àwọn ni kì í jẹ́ kí irin ojú ọ̀bẹ máa ha irin inú èèkù. Ara kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo ti gé ti bàbá. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó ti fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ ti ṣù jọ, ihò rẹ̀ kò sì rí róbótó mọ́, ó ti gùn bí ẹyin.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán oríṣiríṣi wò. Teflon, irú ike kan, ń yọ̀ bí ilá, ó dùn ún ṣí gan-an. Àmọ́ ó rọ̀: tí ìṣó bá ti fún un mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sá jáde lábẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ á tún bẹ̀rẹ̀ ijó. Náílọ́ọ̀nù líle, kì í ṣe èyí tí a fi ń di gààrí o, máa ń mu omi, ó sì ń wú. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ewé tútù tí wọ́n fi ń bó ọsàn kò lè gbà á. Béárìn ńkọ́, ọmọ irin wẹ́wẹ́ tó ń yí? Ìka kan ló fi ń ṣí. Ṣùgbọ́n bí irin èèkù kò bá le tó, àwọn ọmọ irin náà á gbẹ́ kòtò sí i. Ẹ sì mọ eruku pupa ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́. Ibi gbogbo ló ń wọ̀.

Ó wá ku idẹ àti brọ́ńsì. Àwa a máa pe méjèèjì ní idẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bàbà àti síńkì ló di idẹ. Brọ́ńsì tí mò ń sọ, bàbà àti tánńganran ni, pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó le ju idẹ lọ, kì í tètè jẹ, kì í sì í ha irin mọ́ra bí irin ṣe ń ha irin. Mi ò kẹ́gàn idẹ: ọ̀bẹ tí wọn kì í ṣí lójoojúmọ́, idẹ tó o. Ti àgbẹ̀ yàtọ̀. Mo bẹ ẹnì kan tó ń lọ sí Kútọnu kó bá mi ra brọ́ńsì pẹlẹbẹ, mìlímítà 0.5.

Ìṣó mi jẹ́ mìlímítà 5. Mo fi igi méjì há brọ́ńsì náà láàárín kí n tó lu ihò, torí ohun fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbá mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kó sì gé èèyàn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo gé e róbótó, mo sì fi ayùn irin wẹ́wẹ́ pa etí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, mo sì rò pé ó ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi ṣe wọ́ṣà lọ: kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbé sáńpépà 600 lé orí gíláàsì, mo fi máákà fa ìlà sójú wọ́ṣà, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, mo ń yí i lórí sáńpépà. Níbi tí ìlà bá ṣẹ́kù sí, kòtò ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo etí ihò ló mọ́ fínnífínní, tí ìlà ṣì dúdú kirikiri ní ìta. Ẹ̀rọ ti gbé etí ihò sókè, ojú lásán kò sì lè rí i. Mo ń yí i títí ìlà fi parẹ́ tán, mo tún fi sáńpépà 1000 tó kúnná ju ti àkọ́kọ́ lọ ṣe é. Kálípà, irin tí a fi ń wọn ohun fẹ́lẹ́, fi hàn pé méjèèjì di mìlímítà 0.48. Bí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, ojú ọ̀bẹ kò ní wọ àárín èèkù dáadáa.

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kán sí i. Ẹ má fi òróró ọbẹ̀ sí i, yóò dì bí àtè.

Bàbá gbà á, ó fi àtàǹpàkò ṣí i, ó mì í. Kò dún. Ó tún un mì, ó wò mí, ó fi í sápò.

Nígbà tí ọyẹ́ parí, mo ní kó gbé e wá. Eruku ti bá òróró pọ̀ di dúdú, brọ́ńsì sì ti fi òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú sí ara irin ọ̀bẹ. Mo nù wọ́n, mo fi kálípà wọ̀n wọ́n: 0.48. Mo kán òróró ẹyọ kan sí i, mo dè é padà.