Bí mo ṣe gé tírélà fíìmù ẹ̀gbọ́n mi

"Bá mi gé tírélà rẹ̀, kí n lè gbé e sórí YouTube lọ́jọ́ Ẹtì." Ẹ̀gbọ́n mi kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ àgékúrú tí wọ́n fi ń polówó fíìmù rẹ̀. Fíìmù náà gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Mo ní kò tó nǹkan.

Èyí tí mo kọ́kọ́ gé gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ibi tí wọ́n ti jà ni mo kó sí i, títí kan ibi tí àṣírí ti tú pé ìyá ọkọ ló jí owó ẹgbẹ́. Ìyàwó mi wò ó tán, ó ní, "Kí ló wá kù tí a fẹ́ lọ wò?"

Mo pa á rẹ́.

Nígbà àtijọ́, ẹ̀yìn fíìmù ni wọ́n ti máa ń fi tírélà hàn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni orúkọ rẹ̀ ṣe bá ti ọkọ̀ tí orí ń wọ́ lẹ́yìn mu. Iwájú ni àwa ti bá a nínú kásẹ́ẹ̀tì: ọkùnrin kan á máa pariwo "Ẹ máa retí!" títí ara á fi máa kan wá. Ṣùgbọ́n tírélà Psycho, fíìmù ẹlẹ́rù tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1960, ni mo padà lọ wò. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Hitchcock fúnra rẹ̀ kàn ń mú wa yí ilé inú fíìmù náà ká ni, á nawọ́ síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, á tún pa ọ̀rọ̀ mọ́nu. Kódà obìnrin tó figbe ta ní balùwẹ̀ kọ́ ni wọ́n pa níbẹ̀ nínú fíìmù. Vera Miles, òṣèré mìíràn nínú fíìmù náà, ló figbe ta, wíìgì ló dé.

Mo bá pa ojú mi dé, mo fi etí nìkan gbọ́ fíìmù ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn mọ́kànlá ló dá dúró fúnra rẹ̀. Mo mú mẹ́rin. Mo tẹ́ ìlù dùndún sábẹ́ wọn, mo sì dá ìlù náà dúró lójijì kí èyí tó gbẹ̀yìn tó wọlé. Ojú fíìmù ṣókùnkùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka ìyá ń tú kókó etí ìró, kọ́kọ́rọ́ yọ. Mo gé e kí ojú ìyá náà tó hàn. Ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ǹdù 50, ó parí.

"Ibi tí mo ti sunkún dà?" Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí àwọn òǹwòran wá bá a nínú fíìmù."

Ẹ̀gbọ́n gbà. Orúkọ wọn nìkan ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jáde.