Bí A Ṣe Ń Dá Fìlàmíńgò Ńlá Mọ̀ Yàtọ̀ sí Kékeré Létí Adágún Kenya

Fìlàmíńgò ni ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ pínńkì; oríṣi mẹ́fà rẹ̀ ló wà láyé. Méjì nínú wọn, ńlá àti kékeré, ló máa ń jẹ pọ̀ ní àwọn adágún oníkán-ún ilẹ̀ Kenya. Ọ̀pọ̀ àlejò a ya fọ́tò tán, wọn a wọkọ̀ padà, wọn ò ní mọ̀ pé ẹyẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn rí.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè adágún tí wọ́n wà. Nakuru ló lókìkí jù, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2010 ni omi ibẹ̀ ti ń kún, tí kán-ún rẹ̀ kò fi ki mọ́, tí oúnjẹ ẹyẹ sì ń dín kù. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ sí Bogoria. Ẹ mú awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni dání. Láìsí i, ohun pupa kan tó tẹ́ lọ létí omi lásán lẹ ó rí.

Ẹ má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ńlá máa ń funfun ju kékeré lọ, àmọ́ inú oúnjẹ ni àwọ̀ pínńkì yẹn ti ń wá, láti ara irú èròjà tó wà nínú kárọ́ọ̀tì. Àwọ̀ eérú ni wọ́n bí ọmọ wọn mọ́, ó sì máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí pínńkì tó jẹ dáadáa. Èyí tí ẹ rí tí pínńkì rẹ̀ kò tíì jẹ lè jẹ́ ọ̀dọ́ lásán.

Àgógó ni kí ẹ wò. Ti ńlá jẹ́ pínńkì, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló dúdú. Ti kékeré pupa, ó ṣú, débi pé dúdú lẹ ó pè é bí ẹ bá wà lókèèrè. Ní ti gíga, ńlá lè tó 150 sẹ̀ntímítà. Kékeré kì í sábà ju 90 lọ.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ dúró wo bí wọ́n ṣe ń jẹun. Èmi ò mọ ohun tó dùn ún wò tó èyí. Wọn a dorí kodò, ahọ́n a máa fa omi wọlé, a sì máa tì í jáde gba etí àgógó, bí ẹni ń sẹ́ ògì. Àfi pé ohun tó bá kù sójú asẹ́ ni tiwọn. Kékeré kì í ti orí bọ omi jìnnà: ojú omi ló ti ń ju orí sọ́tùn-ún sósì, tó ń ṣà spirulina, ohun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi kán-ún. Ńlá ní tirẹ̀ a ti orí bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, a máa fẹsẹ̀ po ẹrẹ̀, a yí ká, a wá edé kéékèèké àti ìdin kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jà lórí oúnjẹ.

Ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi ń dúró kò lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí méjèèjì ló ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi òkú fìlàmíńgò dán an wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2017: òkú náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan láìsí iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ sì rò pé ó jẹ́ orúnkún tó ṣẹ́ sẹ́yìn, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, abẹ́ ìyẹ́ ló pamọ́ sí.

Ẹ má sáré lé wọn torí fọ́tò. Wọ́n gbọ́dọ̀ sáré lójú omi kí wọ́n tó lè fò. Ní Bogoria, ẹ má sì ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà, torí omi tó ń tú jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ń hó yaya.

Ẹ má wulẹ̀ wá ìtẹ́ fìlàmíńgò kékeré káàkiri ibẹ̀. Adágún Natron ní Tanzania ni wọ́n ti ń pamọ jù, ẹyin kan ṣoṣo lórí òkìtì ẹrẹ̀, láàárín omi kán-ún tí ọ̀pọ̀ ẹranko kò lè là kọjá.