Bí A Ṣe Lè Wo Ipa Epo Rọ̀bì àti Fóònù Lórí Ètò Ìnáwó Nàìjíríà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo rọ̀bì ń mú ètò ìnáwó Nàìjíríà dàgbà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye àgbá epo tí à ń tà. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni pé, ta ni àwọn báńkì ń yá lówó? Ẹ wá àkọsílẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń gbé jáde, kí ẹ fi owó tí wọ́n yá ìjọba wé èyí tí wọ́n yá àwọn oníṣòwò. Bí ti ìjọba bá ń yára gòkè ju ti oníṣòwò lọ, owó epo kò tíì dé ọ̀dọ̀ aláṣọ àti àgbẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iye owó epo lágbàáyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, iye owó àgbá kan já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là, ọrọ̀ ajé wa sì fà sẹ́yìn lọ́dún náà.

Ti fóònù ló gba sùúrù jù. Orí epo kọ́ ni Kẹ́ńyà gbé ọrọ̀ ajé rẹ̀ lé, síbẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ M-Pesa ti ń fi fóònù kékeré gbé owó kiri níbẹ̀ láti ọdún 2007. Ẹ dúró ti oníPOS lọ́jà fún wákàtí kan, kí ẹ ka àwọn tó wá gbowó àti àwọn tó wá fowó pamọ́. Lójú tèmi, gbígba owó kíákíá nìkan kọ́ ni ìdàgbàsókè (bó tilẹ̀ dùn mọ́ni lọ́jọ́ tí báńkì bá kún). Ẹ bi oníPOS náà bóyá báńkì kankan ti yá a lówó rí nítorí àkọsílẹ̀ òwò tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀.