Òdòdó Ẹ̀bá Márosẹ̀ ní Texas: Àṣìṣe Tí Àwọn Ẹgbẹ́ Àdúgbò Sábà Máa Ń Ṣe

Èyí tó ń ba iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbin òdòdó sẹ́bàá márosẹ̀ jẹ́ jù ni kíkánjú gé koríko. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ẹ̀bá márosẹ̀ Texas a máa kún fún bluebonnet, òdòdó aláwọ̀ búlúù tí wọ́n mọ Texas mọ́, àwọn òbí á wọṣọ fọ́mọ, wọ́n á gbé wọn jókòó sáàárín òdòdó, wọ́n á ya fọ́tò. Tí òdòdó bá wá rọ, tí gbogbo ibẹ̀ gbẹ, tó rí jákujàku, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ á ní ojú ń ti òun, ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ ṣe. Àsìkò yẹn gan-an ni irúgbìn ń gbó. Ẹ jẹ́ kí àpò irúgbìn náà gbẹ, kó là, kó ta ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gé e ṣáájú, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ló gé. Iléeṣẹ́ ọ̀nà ìpínlẹ̀ náà, TxDOT, ti mọ èyí láti nǹkan bí ọdún 1934, tí wọ́n ti ń sún gígé koríko síwájú títí òdòdó yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ilẹ̀ ẹ̀bá títì kì í ṣe ti ẹgbẹ́, ti ìjọba ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì TxDOT tó wà lágbègbè yín, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń gé koríko níbẹ̀ àti oṣù tó ń wá.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, ẹni tó bá sì dàgbà nílé mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ la fi ń gbin nǹkan. Ó lè wá dúró de oṣù Kẹta. Ó ti pẹ́ jù! Oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń fọ́n bluebonnet. Òjò ìgbà yẹn ló ń hù ú, ewé rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Tí àwọn tó wá ràn yín lọ́wọ́ kò bá dá ewé náà mọ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ hú bí èpò. Bí ó bá sì jẹ́ pé díẹ̀ ló hù lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ ṣe sùúrù. Èèpo irúgbìn náà le, òmíràn á wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ìdílé ẹ̀wà ni bluebonnet, gbòǹgbò rẹ̀ ń bá a wá náítírójìn; koríko ni ajílẹ̀ yín máa bọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni oòrùn, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ha díẹ̀ kí irúgbìn lè kan erùpẹ̀.

Ti owó ló ń bí mi nínú. Wọ́n á dá owó, wọ́n á ná an tán sórí irúgbìn àti pátákó orúkọ ẹgbẹ́, kò ní ku kọ́bọ̀ fún ríro èpò. Bẹ́ẹ̀ irúgbìn kọ́ ló wọ́n jù: TxDOT fúnra rẹ̀ ń fọ́n nǹkan bí 30,000 pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Èpò ni ìṣòro, pàápàá Rapistrum rugosum, èyí tó wá láti agbègbè òkun Mẹditaréníà, tí ewé rẹ̀ ń bo bluebonnet mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ sì ṣọ́ra fún páálí irúgbìn olówó pọ́ọ́kú; òdòdó ilẹ̀ òkèèrè lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ibùdó òdòdó tí Lady Bird Johnson, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àti Helen Hayes, òṣèré, dá sílẹ̀ ní Austin lọ́dún 1982 ní àkọsílẹ̀ òdòdó ìbílẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ tó wà lára páálí wò níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ má kó ọmọ kéékèèké wá sẹ́bàá márosẹ̀, kí gbogbo yín wọ bàtà tó bo kókósẹ̀. Ejò wà nínú koríko yẹn.