Bí A Ṣe Lè Ran Ẹni Tí Wárápá Gbé Lọ́wọ́ Láì Pa Á Lára

Bí wárápá bá gbé ènìyàn ṣubú láàrin ọjà tàbí nínú ilé ìjọsìn, àwọn kan á sá sẹ́yìn nítorí wọ́n gbà pé bí itọ́ tí ó ń hó lẹ́nu rẹ̀ bá kan àwọn, àrùn náà yóò ran àwọn. Àwọn mìíràn á sì sáré wá ṣíbí tí wọn yóò fi la ẹnu rẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn ti àkọ́kọ́ kò ní ìdí kankan, nítorí wárápá kì í ràn, ìbáà ṣe nípa itọ́, nípa fífi ọwọ́ kan aláìsàn tàbí nípa jíjẹun nínú àwo kan náà. Ìrànwọ́ àwọn ti èkejì ni ó sì ń dá egbò sí ọ̀pọ̀ aláìsàn lára. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà nítòsí ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ náà tó dé.

Inú ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Iná mànàmáná tí kò tó nǹkan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, Hans Berger, dókítà ará Jámánì, sì ni ó kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ iná yìí láti orí ènìyàn ní ọdún 1924. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá ń tan iná wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ètò, ara á le, ojú á yí, apá àti ẹsẹ̀ á sì máa já pátipàti. Ìfarapa orí nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àìtètè mí ọmọ nígbà ìbí, ibà tí ó kọlu ọpọlọ, àrùn yírùnyírùn àti àrùn rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tí ó máa ń fà á. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kì í rí ìdí rẹ̀ rárá.

Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo aago, kí ẹ sì rántí ìṣẹ́jú tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó òkúta, ọ̀bẹ, sítóòfù àti ohunkóhun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, dípò kí ẹ máa wọ́ òun fúnra rẹ̀ káàkiri, àfi bí ó bá wà lójú títì, lẹ́bàá iná tàbí nínú omi. Ẹ ká aṣọ tàbí gèlè sí abẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì yọ awò ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀, nítorí agbára ọwọ́ yín kò lè dá gbígbọ̀n náà dúró, ó sì lè yẹ̀ ẹ́ ní eegun. Bí gbígbọ̀n bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká eékún rẹ̀ tí ó wà lókè síwájú kí ó má baà yí dojú bolẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde.

Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ó lè fi eyín gé e, ṣùgbọ́n ojú egbò ahọ́n máa ń jinná. Ṣíbí ń ṣẹ́ eyín, eyín tí ó ṣẹ́ sì lè bọ́ sínú ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Omi, epo pupa, àdí tàbí àgbo tí a bá dà sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ yóò gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má sì ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Àwọn òbí kan ṣì ń ṣe èyí fún ọmọ tí gìrì mú, wọ́n ní iná ni yóò jí i, ọmọ náà á sì gbé àpá ẹsẹ̀ náà dàgbà, nígbà tí gìrì fúnra rẹ̀ ìbá ti lọ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà sí burú ju ìyẹn lọ: ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ó sì máa ń mú èémí rẹ̀ rẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n sọ pé gìrì pa, àgbo yìí ni ó pa wọ́n.

Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn bá tẹ̀lé e kí ó tó mọ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, bí ó bá jẹ́ aboyún, bí ó bá fi orí gbá ilẹ̀ tàbí bí kò bá mí dáadáa. Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 tí gìrì mú nítorí ara gbígbóná náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, nítorí ibà tàbí yírùnyírùn lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó nípọn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rì í sínú omi tútù. Ọ̀pọ̀ jù lọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í di alárùn wárápá.

Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, aláìsàn lè máà mọ ibi tí ó wà, oorun á sì máa kùn ún. Ẹ jókòó tì í. Ìtọ̀ lè ti bọ́ sára rẹ̀, nítorí náà ẹ fi aṣọ bò ó kí ojú má baà tì í, kí ẹ sì lé àwọn tí ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kúrò, àfi bí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bá fẹ́ fi fídíò náà han dókítà. Dókítà kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ rí ni yóò fi mọ irú àìsàn tí ó jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye ìṣẹ́jú àti apá tí ó kọ́kọ́ gbọ̀n sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bí ọmọ bá kàn ń tẹjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí a pè é tí kò dáhùn. Wárápá ni èyí náà lè jẹ́, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń torí rẹ̀ na ọmọ.

Oògùn ojoojúmọ́ ni ó ń kápá àìsàn yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá 70 nínú 100 lára àwọn tí ó ní in lè wà láìsí pé ó ń gbé wọn bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ gbà, phenobarbital tí a sì ti ń lò láti ọdún 1912 wà lára àwọn oògùn tí owó wọn kò pọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a lè rí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé wèrè ni gbogbo ẹni tí ó bá lọ sí Àrò. Obìnrin tí ó ṣì lè bímọ gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè nípa valproate, oògùn wárápá mìíràn, kí ó tó lò ó, nítorí ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Àìsùn, ọtí àti oògùn tí a gbàgbé láti lò ni ó sábà máa ń pe wárápá padà. Kí aláìsàn má ṣe ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí, kí ó má ṣe gun ọ̀pẹ, kí ó má sì gun ọ̀kadà títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Ẹni tí kò rí i mọ́ fún oṣù mélòó kan kò gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀, nítorí dídá a dúró lójijì lè mú un wá léraléra láìdáwọ́ dúró. Ẹ ra òmíràn nígbà tí ti ọ̀sẹ̀ kan bá ṣì kù nínú páálí.