Aṣọ asẹ́ ògì ló jẹ́ kí iṣẹ́ gáàsì yé mi

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń ṣi iṣẹ́ yìí ṣe, kó tó di ọjọ́ tí mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ asẹ́ ògì tó rin gbingbin.

Iṣẹ́ náà ni pé kí n ṣe àwòṣe bí gáàsì ṣe ń rìn, àti bó ṣe ń kó jọ, nínú òkúta yanrìn tó ki, tó sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Agbowó, níbí ní Ìbàdàn, ni mo ti ṣe é. Kò sí gáàsì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa o. Òkúta líle àtayébáyé ni Ìbàdàn jókòó lé. Ilẹ̀ Ordos ní Ṣáínà, níbi tí pápá gáàsì Sulige wà, àti Alberta ní Kánádà ni mò ń wò. Ihò inú òkúta yanrìn ibẹ̀ kì í sábà tó 10 nínú 100 ìwọ̀n òkúta náà, ẹnu ihò ọ̀hún sì tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Mo kọ́kọ́ fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kan. Mo ní gáàsì fúyẹ́ ju omi lọ, yóò sáà léfòó gòkè ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó gòkè lóòótọ́, ó kó jọ sókè, omi wà nísàlẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo padà sí ohun tí John Masters, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, kọ nípa Alberta lọ́dún 1979: omi ló wà lápá òkè níbẹ̀, gáàsì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ìyá ológì inú ọgbà wa ń fọ aṣọ asẹ́ wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yá mi ní ẹyọ kan." Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó dọ̀tí o, ọ̀la ni mo máa lò ó." Mo gé ìdí ike omi kan, mo fi rọ́bà so aṣọ náà mọ́ ọn, mo wá gba ẹnu ike fẹ́ ẹ. Nígbà tó gbẹ, èémí mi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo rì í sómi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, aṣọ yọ bí ikùn, èémí ò kọjá. Mo tún fẹ́ ẹ kíkankíkan: ojú ibì kan ṣoṣo ló já, ìfófòó tú jáde, èémí sì ń gba ibẹ̀ lọ. Omi ló di ẹnu ihò mú! Ohun tí mo yọ sílẹ̀ nínú ètò mi nìyẹn.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Tí ìdajì ìbú ẹnu ihò bá jẹ́ 10 micron (micron kan ni mítà kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan), gáàsì tí ìnàró rẹ̀ kò tó mítà kan yóò fi ìfúyẹ́ rẹ̀ nìkan já a. Tó bá jẹ́ 0.1 micron, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí mítà 76. Níbo ni gáàsì yóò ti rí ìyẹn nínú ipele òkúta tí kò nípọn? Nítorí náà, títì ni wọ́n ń tì í. Ní Ordos, èédú ilẹ̀ tó wà nítòsí òkúta yanrìn ń gbóná, ó ń bí gáàsì, gáàsì tuntun sì ń ti ti ìṣáájú wọlé.

Mo fẹ́ fojú rí i, mo bá ní kí ẹni tó ń gé gíláàsì ní Sángo bá mi ṣe àpótí pẹlẹbẹ. Níbi tí mo ti pàdánù ọjọ́ méjì nìyí: mo da yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, mo wá bu omi sí i, atẹ́gùn sì há sáàárín yanrìn káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bu omi, kí ẹ wá máa fọ́n yanrìn sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fìka kan gíláàsì. Yanrìn kíkúnná ló pọ̀ jù nínú tèmi. Mo fi ìṣù yanrìn wóróbo kan sáàárín, mo sì gbé ẹrù lé e lórí. Atẹ́gùn ni mo lò, nítorí ewu iná. Abẹ́rẹ́ oníke ni mo fi ń tì í wọlé láti ìsàlẹ̀.

Ó dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Lẹ́ẹ̀kan náà ló já gba ojú ọ̀nà tín-ín-rín bí òwú, ó wọ inú yanrìn wóróbo, ó kún un. Mo gbọ́wọ́ kúrò, kò gòkè mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ náà ló ṣì wà, omi wà lórí rẹ̀.

Mo fi agbára tí omi fi ń di ẹnu ihò mú àti títì yẹn kún ètò mi. Lọ́tẹ̀ yìí, gáàsì kò jìnnà sí èédú tó bí i, ibi tí òkúta ti ṣí díẹ̀ ló kọ́kọ́ kún, omi sì wà lókè. Àwọn sísán inú òkúta ni mò ń fi kún un báyìí, torí ẹnu wọn fẹ̀ ju ti ihò lọ, gáàsì lè gba ibẹ̀ sá.