Bí mo ṣe fi ẹrù tí ìyá mi dì kúrò ní Gánà kọ ìtàn ìfẹ́

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe gbé ní Kumasi, ìgàn àǹkárá ni wọ́n máa bá yín sọ, oníbàárà tó jẹ gbèsè tó sì sá lọ, àti bí wọ́n ṣe di ẹrù lọ́dún tí wọ́n lé àwọn àjèjì. Inú ọ̀rọ̀ ọjà yìí ni mo ti yọ odidi ìwé ìtàn àròsọ ìfẹ́ kan. Mo ń kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé ilé tí àwọn òbí ti ṣe Gánà rí kò kéré, pàápàá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí, àwọn tó lè sọ ìtàn náà sì ti ń darúgbó.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ sọ ìtàn ayé yín fún mi." Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àgbàlagbà tún gèlè ṣe, kó wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ààfáà jókòó tì í. Ohun tí ọwọ́ lè dì mú ni mo ń bèèrè. Kí ló wà nínú àpótí yẹn? Ta ló so ó? Ta ló jókòó níwájú ọkọ̀, ta ló wà lẹ́yìn? Mo tọrọ àyè kí n tó fi fóònù gba ohùn wọn, ìgbà tí ọwọ́ wọn bá sì dí ni mo máa ń yàn, bóyá wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tàbí wọ́n ń ká aṣọ.

Gbólóhùn kan kì í yéé padà wá: "Ọmọ onílé wa ló bá wa di ẹrù. Télọ̀ ni." Wọn ò ní fi kún un. Bí mo bá tẹ̀ síwájú, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, mo kàn ń sàmì sí gbogbo ibi tí télọ̀ yìí bá ti yọjú nínú ohùn tí mo gbà. Níbì kan, òun ló mú okùn wá. Níbòmíì, kò gba owó. Níbòmíì ẹ̀wẹ̀, ó dúró títí wọ́n fi pe ìrun Màgíríbì, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí kò bá rí nǹkan kan nínú èyí, kó lọ máa kọ ìwé ìṣirò.

Ìrántí ìyá mi kún fún nǹkan, ọdún nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. "Lẹ́yìn tí sójà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah" ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kejì 1966, ìgbà tí wọ́n lé ààrẹ Gánà yẹn kúrò lórí àga. Mo lẹ bébà gígùn kan mọ́ ògiri, mo kọ ohun tí ìjọba ṣe sí apá kan, ohun tí ìyá mi sọ sí apá kejì. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ni 18 oṣù Kọkànlá 1969, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ni kò ní in. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ìyá mi ní ààwẹ̀ ni àwọn ń gbà nígbà náà, pé ìdí ọkọ̀ ni àwọn ti ń ṣínu. Àbúrò wọn ní irọ́ ni, ààwẹ̀ ti parí. Mo yẹ kàlẹ́ńdà Hijira wò: Ramadan ọdún 1389 bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 11 oṣù Kọkànlá 1969, ìtúnu sì bọ́ sí nǹkan bí 10 oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí gbèdéke ìjọba ti kọjá. Ìyá mi ló jàre. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ irú òṣùpá tó máa wà nínú ìwé mi: ó ran mọ́jú ní àárín oṣù ààwẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ọkọ̀, ó sì ti ń pẹ́ kó tó yọ nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè. Mo tún rí i pé ní 19 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kejì òfin yẹn gan-an, ni Apollo 12 gúnlẹ̀ sójú òṣùpá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń rìn lókè lọ́hùn-ún, Àṣàkẹ́ tèmi, ọmọbìnrin inú ìwé mi, kò rí ọkọ̀ tó máa gbé e kúrò ní Kumasi. Ta ló máa rí irú èyí tó máa jù ú nù?

Lẹ́yìn náà ni mo ń yọ ohun tí kò tíì sí nígbà náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ń ka owó ní náírà, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn àti ṣílè la ń ná nílé títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1973. Orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, Dahomey ló ń jẹ́ títí di 1975. Ogun abẹ́lé wa kò tíì parí, nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́dún náà, orílẹ̀-èdè tó wà lójú ogun ló ń padà sí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ọkọ̀ ń gbà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Gánà àti Nàìjíríà ṣì ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì nígbà náà, Tógò àti Dahomey sì ń wà á lọ́wọ́ ọ̀tún. Bọ̀lẹ̀kájà tó gbé Àṣàkẹ́ ní láti pààrọ̀ ọwọ́ ní Aflao, ẹnubodè Gánà àti Tógò, kó tún pààrọ̀ padà ní Ìdí-Ìrókò. Mo fi àwọn ìyá tó ń pariwo mọ́ dírẹ́bà kún orí kan.

Ìtàn ìfẹ́ kò lè dúró láìsí ohun tó ń ya àwọn méjèèjì. Ní tèmi, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti máa wá a kiri: òfin ti fún wọn ní ọjọ́ 14, ààwẹ̀ sì ti gba ọ̀sán lọ́wọ́ wọn. Ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, àárín Màgíríbì àti Ìṣáì ló ní láti ṣẹlẹ̀, lójú gbogbo ará ilé, pẹ̀lú ẹrù láàárín. Mo sọ ọmọkùnrin náà, télọ̀ yẹn, ní Kwabena, orúkọ tí àwọn Akan, ẹ̀yà kan ní Gánà, ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ọjọ́ òfin lè jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Díẹ̀ rèé níbẹ̀:

"Kwabena fi orúnkún tẹ ẹrù náà mọ́lẹ̀, ó fa okùn yí i po. 'Kò ní tú kó o tó délé,' ó ní.
'Bó bá wá tú ńkọ́?'
'A jẹ́ pé mo ní láti wá tún un dì.'"

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ kí n sọ àwọn ará Gánà di ìkà. Mo kọ̀. Gbèsè àti àìríṣẹ́ṣe ló ti kó ìdààmú bá ìlú wọn tí wọ́n fi ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi lé, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn náà kúrò níbí. Onílé inú ìwé mi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ Àṣàkẹ́ títí dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Ẹni tó ń ka ìtàn ìfẹ́ fẹ́ kí wọ́n ríra padà, ìtàn àtijọ́ sì bá mi ṣe é. Àwọn sójà Acheampong gbàjọba lọ́wọ́ Busia ní 13 oṣù Kìíní 1972. Kwabena di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kọrí sí Èkó. Mo jẹ́ kó dé ní 2 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó wo ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, ó fẹ́ sọdá títì, èébú tí dírẹ́bà bú u ló mú kí Àṣàkẹ́ yíjú.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi létí. Àdéhùn wa tẹ́lẹ̀ ni pé orúkọ bàbá mi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, mo sì pa á mọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìfẹ́. Wọ́n ní a kì í so okùn mọ́ àǹkárá lásán, ẹní la kọ́kọ́ fi ń wé e kí okùn má bàa jẹ aṣọ. Mo tún ibẹ̀ kọ. Wọ́n ní kí n yọ ibi tí bàbá Àṣàkẹ́ ti gbá a létí, nítorí bàbá àwọn kò nàka sí ọmọ rí, àwọn ará ilé á sì rò pé àwọn ló sọ ọ́. Àròsọ ni lóòótọ́, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, síbẹ̀ mo yọ ọ́; wọ́n ṣì máa bá àwọn ará ilé náà pàdé níbi ìnáwó.

Àbúrò wọn ní ti pé òun kò pọ̀ tó nínú ìwé náà, pé òun ló jókòó sórí ẹrù láti Kumasi dé Aflao. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú, mo ti ní ìbéèrè lọ́wọ́ nípa ohun tó wà lábẹ́ wọn.